Pyo Jong-man àti Rọ́bà Olétí Mẹ́ta

Bí Pyo Jong-man bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá jẹun, abẹ́ tábìlì ló máa kọ́kọ́ wò. Kí ló ń wá níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Á wá jókòó síbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà, á fi ẹ̀yìn ti ògiri, á fa abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ àyà bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á padà. Látìgbà tí mo ti ń pọn Eun-sil ọmọ mi ni mo ti ń se ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì fún àwọn oníṣẹ́ irin àdúgbò wa ní Ulsan. Mo ti rí ọ̀mùtí, mo ti rí oníjà, mo ti rí ẹni tó ń sunkún sínú ọbẹ̀. Ẹni tó ń fura sí ṣíbí, òun nìkan ni mo rí.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Nígbà tí òrùlé mi ń jò lásìkò òjò, mi ò bẹ̀ ẹ́ tó fi wá tún un ṣe, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àmọ́ kò jẹ́ kí n bá a di àkàbà mú. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Bó ṣe rí nìyẹn.

Rọ́bà àti àwọn irin kéékèèké ló ń ṣe fún àwọn tó ń to mọ́tò. Òun àti Tak Byeong-ho ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe sójà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, wọ́n sì jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Nígbà tó yá, Byeong-ho ní òun ò lè máa bá ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti sípánà mọ́ òun ṣiṣẹ́. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ ṣí tiẹ̀ sí òpópónà kejì, èyí tó ní géètì búlúù yẹn. Wọn ò jà. Wọn ò kàn jọ jẹun mọ́ ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ lọ́dọ̀ wa níbí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà náà fún yín bó ṣe yé mi. Lábẹ́ mọ́tò níwájú, irin ńlá kan wà tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ táyà jókòó lé. Bóòtù ni wọ́n fi ń so irin yẹn mọ́ ara mọ́tò, wọ́n á wá fi rọ́bà sáàárín kí ariwo àti gbígbọ̀n má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, irin yẹn á sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì máa ń bá. Jong-man wá ronú rọ́bà olétí mẹ́ta. Etí méjì rí bí etí ṣe ń rí. Ó gé ìkẹta dagun, tó fi jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan gidigidi, ibẹ̀ á yọ̀, irin náà á já bọ́ sílẹ̀ dípò kó wá bá ẹsẹ̀ èèyàn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán ló sì tó sọ ọ́ fún mi.

Ọdún tó fi ṣe é kì í ṣe kékeré. Ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo fèrèsé. Tí ìyàwó ẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á kanlẹ̀kùn, á sì dúró síta bí ẹni tó wá gba owó iná. Ẹni tó bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe, á ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lòun ń tún ṣe. Kò sí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àìsàn rí.

Nígbà tó parí, tó ti de àkọ́kọ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun kan, ó kù kó ṣe gosa. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa tan ẹ̀rọ tuntun tàbí gbé ọjà tuntun jáde láìṣe gosa. Wàá gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lú tteok, ìyẹn ìrẹsì gígún tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa bò lórí, pẹ̀lú ọtí ìrẹsì. Àwọn èèyàn á forí kanlẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n á ki owó sí ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ pé kí irin má gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ọjà sì tà. Èmi ni mo se orí ẹlẹ́dẹ̀ náà. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni àwọn èèyàn ń fẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni mo sì máa ń mú.

Jong-man fẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣe gosa tiẹ̀. Ó tún fẹ́ kí tapólì wà lórí ọkọ̀ náà. Màmá ẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí egungun ń dùn ún ṣùgbọ́n tí ẹnu ò dùn ún, ló dá a dúró.

"Jong-man, ṣé inú tapólì lo fẹ́ káwọn ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ilé ti rí i? Kí ni kí wọ́n wá bù kún, tapólì?"

Ó bẹ̀rù màmá ẹ̀ ju olè lọ. Ó ṣí tapólì, ó fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ náà lọ sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo wa wá. A forí kanlẹ̀, a jẹ, a mu. Kò sẹ́ni tó wo abẹ́ ọkọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Byeong-ho nìkan la ò rí. Ìyàwó Jong-man ti pè é, ó sì ránṣẹ́ pé òun ń lọ síbi ìsìnkú ní Busan. Jong-man kàn ń mu ọtí bí ẹni tó ń bá ọtí jà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé e lọ sílé. Màmá ló kù lẹ́yìn tó ń kó abọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni Jong-man tó lọ bá lọ́yà. Yeom lorúkọ lọ́yà yẹn, ọkùnrin onígíláàsì ojú tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka oògùn fún aláìsàn. Òun ló bá a kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba ní Daejeon, pé kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rọ́bà náà, kí ẹlòmíì má lè ṣe é láìgbàṣẹ. Jong-man nílò ìwé yẹn bí èèyàn ṣe nílò omi. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ti sọ fún un pé tó bá gbà á, àwọn á ra rọ́bà náà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí kò bá gbà á, àwọn á kàn ṣe tàwọn.

Ó dúró, ó dúró, èsì dé. Daejeon ní nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n ní kó tó kọ̀wé wá ni ẹnì kan ti fi hàn fún gbogbo ayé, àwòrán ẹ̀ nìyí.

Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí àwòrán. Bong Mal-suk tó ń ta tteok lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbogbo tteok tó bá gbé lọ fún oníbàárà ló máa ń yà ní fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè rí oníbàárà míì. Olùyẹ̀wò tó jókòó sí Daejeon ń wá kiri bí wọ́n ṣe máa ń wá, ó ṣe kòńgẹ́ tteok Mal-suk. Tteok ló kún iwájú fọ́tò yẹn, ó ń rú èéfín. Orí ẹlẹ́dẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó forí kanlẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ la rí. Lókè pátápátá ni abẹ́ ọkọ̀ funfun wà, rọ́bà olétí mẹ́ta sì hàn gbangba níbẹ̀. Ohun tí Mal-suk kọ sábẹ́ ẹ̀ ò ju pé "Gosa ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, ẹ ṣeun." Ọkọ̀ funfun irú yẹn, ìdajì Ulsan ló ní in. Ilẹ̀ oníkọnkéré, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in. Àmọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára ọkùnrin yẹn, tó ní ẹja ńlá lẹ́yìn, ẹnì kan ló ní in. Jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ apẹja Byeong-ho ni.

Jong-man sọ fún lọ́yà pé ọ̀rọ̀ ti yé òun. Byeong-ho ti yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù òun, ó ti wo iṣẹ́ òun, ó ṣe tiẹ̀, ó tún lọ ṣe gosa lé e lórí. Lọ́yà ní kó rọra. Ó ní tó bá jẹ́ Byeong-ho ló jí i, ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ó jí i. Tó bá jẹ́ Byeong-ho ló dá ronú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ Jong-man fúnra ẹ̀ ló fi han àwọn èèyàn, tí kò sì tíì pé ọdún kan kó tó kọ̀wé, òfin á fojú fò ó, kó ṣáà ti rí ẹni tó máa jẹ́rìí sí i. Ó wá bi í bóyá ó dá a lójú pé kì í ṣe gosa tiẹ̀ ni wọ́n yà.

Jong-man ní ó dá òun lójú. Ó ní Byeong-ho ò wá sí gosa òun.

Ẹ wo bí ẹni tó ń fura ṣe ń ṣèwádìí. Ó lọ bá Mal-suk. Ṣé kò yẹ kó fi fọ́tò hàn án, kó ní ibo lo ti yà á? Rárá. Ó rò pé Mal-suk lè wà lẹ́yìn Byeong-ho. Ó ní ṣé Byeong-ho ti ra tteok lọ́wọ́ ẹ̀ rí, Mal-suk ní bẹ́ẹ̀ ni, fún gosa ọjọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Jong-man dúpẹ́, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti mú olè. Kò sọ nǹkan kan nílé, torí pé mọ̀lẹ́bí ìyàwó ẹ̀ kan ń bá Byeong-ho ṣiṣẹ́. Inú àpò jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni fọ́tò yẹn ń sùn.

Ó fi han èmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù dá. Ó fi àtàǹpàkò bo òkè ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Kí lo fọwọ́ bò yẹn?"

"Ìyẹn ò kàn yín, Ìyá Eun-sil. Ẹ ṣáà wo ẹlẹ́dẹ̀ yìí. Ṣé tiyín ni?"

"Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ mi ló ń rẹ́rìn-ín, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Gbé ọwọ́ kúrò kí n rí i dáadáa."

Kò gbé e. Ó ń bẹ̀rù pé kí èmi tó ń se ẹlẹ́dẹ̀ má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rọ́bà mọ́tò.

Lọ́jọ́ kejì tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù, tí Jong-man wà lórí oúnjẹ, Byeong-ho wọlé wá jẹun. Ó jókòó, mo gbé ọbẹ̀ sí i níwájú, Jong-man dìde. Ó bá a nídìí tábìlì, níṣojú gbogbo àwọn tó ń jẹun. Ó fi fọ́tò lu tábìlì, ó ní kó wo ara ẹ̀, olè, ó ní ojú tí wọ́n jọ fi ṣe sójà ló fi wọlé jí iṣẹ́ òun. Byeong-ho mú fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ṣé ohun tó o rí níbẹ̀ nìyẹn?"

Jong-man ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tóun rí nìyẹn.

Byeong-ho da fọ́tò dé sórí tábìlì, ó sanwó ọbẹ̀ tí kò jẹ, ó lọ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ẹni tó bá jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ṣé kò yẹ kó pariwo? Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni méjì tó ń gbé iṣẹ́ fún un gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì. Àwọn míì ní ó ti pẹ́ táwọn ti rí nǹkan kan lójú ẹ̀. Irọ́ ni, wọn ò rí nǹkan kan.

Gbèdéke tí Daejeon fún Jong-man láti fèsì ti ń sún mọ́lé. Ó wá jẹun lọ́jọ́ kan, ojú ẹ̀ ti wọnú. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ torí oòrùn mú. Ó ń jẹun báyìí ni ilẹ̀kùn ṣí, màmá ẹ̀ ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bébà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Jong-man, ta ló ya fọ́tò yìí? Wo bí ẹ̀yìn Byeong-ho ṣe fẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Màmá, níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì ẹ. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, ó ń rùn. Mo ní kí n mú un wá kó o tó lọ wá a kiri. Ó dáa bí wọ́n ṣe ya ọjọ́ yẹn, á jẹ́ pé Mal-suk ló yà á."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ gosa ẹ ńkọ́. Ìwọ ti mutí yó, wọ́n ti gbé ẹ lọ sílé. Mal-suk padà wá gbé ìkòkò ẹ̀, ó ń mú tteok tó kù gbóná kó lè yà á ní fọ́tò. Byeong-ho ti Busan dé, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó forí kanlẹ̀ níwájú ẹlẹ́dẹ̀, èmi ni mo bu ọtí fún un. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ó ní o máa ní kí lòun wá wò."

Mo pa iná abẹ́ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Jong-man gba fọ́tò náà, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní fọ́tò ara ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Gbogbo ọjọ́ tó fi gbé e kiri, ilé ẹ̀ ni màmá ẹ̀ wà. Ká ní ó fi hàn án lọ́jọ́ kìíní ni.

Ó ní, "Byeong-ho ò ní dá mi lóhùn."

Mo ní, "Jẹ ọbẹ̀ ẹ tán. Tí kò bá dá ẹ lóhùn, á jẹ́ pé ikùn ẹ kún nígbà tí kò dá ẹ lóhùn."

Mo bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, èyí tí Byeong-ho sanwó ẹ̀ tí kò jẹ, mo sì tẹ̀ lé e. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó máa dé ibẹ̀.

Byeong-ho ń lọ irin nígbà tá a débẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó wò wá. Jong-man dúró lẹ́nu géètì búlúù yẹn bí ẹni tó wá wá iṣẹ́.

"Byeong-ho, gosa mi ni."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo bi ẹ́ pé ṣé ohun tó o rí nìyẹn. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n tún sọ?"

Jong-man kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló forí kanlẹ̀, bí Byeong-ho ṣe forí kanlẹ̀ nínú fọ́tò yẹn gẹ́lẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Byeong-ho ń wò ó, mi ò mọ ohun tó ń rò, ó lè jẹ́ àwọn oníbàárà tó lọ ló ń rò.

"Dìde," ó ní. "Epo wà nílẹ̀ níbẹ̀."

Jong-man dìde, epo ti kùn ún níwájú orí. Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òfin, pé ẹni tó wà nínú fọ́tò gan-an lọ́yà ń fẹ́ kó jẹ́rìí ohun tó rí lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò rí nǹkan kan lábẹ́ ọkọ̀," Byeong-ho ní. "Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ẹni tó forí kanlẹ̀, kí ló fẹ́ rí lókè?"

Inú mi dùn sí i débi pé mo fẹ́ gbá Jong-man létí. Gbogbo ìfura yẹn, ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Byeong-ho ní òun á jẹ́rìí, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ́rìí ohun tóun ò mọ̀. Ó ní kí Jong-man fi rọ́bà náà han òun. Mo wo Jong-man. Mo rò pé ó máa ní kó dúró ná.

"Ó dáa," ó ní. "Máa bọ̀."

A rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ṣí tapólì, ó gbé ọkọ̀ lọ sókè. Byeong-ho gba tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ẹ̀. Ó fi ìka tọ́ etí kìíní, ó tọ́ ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta tó dagun, ó dúró síbẹ̀, ó sì ń wò ó pẹ́.

Byeong-ho ní, "Nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Awakọ̀ takisí ni ẹ̀gbọ́n Jong-man tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí. Jong-man mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Byeong-ho jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó jókòó lórí táyà, ó jẹ ọbẹ̀ tí mo gbé wá.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ sí Daejeon, ṣùgbọ́n Byeong-ho ti ròyìn ẹ̀ fún mi débi pé mo lè yà á. Ọmọbìnrin kékeré kan ni olùyẹ̀wò náà, Seok Na-ri, ó wọ sílípáàsì nínú ọ́fíìsì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lójú. Ó bi Byeong-ho bóyá ṣọ́ọ̀bù Jong-man ni fọ́tò yẹn. Byeong-ho ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló rí lọ́jọ́ yẹn, Byeong-ho ní ilẹ̀, ọmọbìnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ̀lú ìfura, ó ní kí ló wá ń forí kanlẹ̀ fún nígbà tí kì í ṣe ọjà tiẹ̀.

"Mo fẹ́ kó tà," Byeong-ho ní.

Jong-man ń wo fèrèsé.

Olùyẹ̀wò ní ó dáa, òun á gbé fọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ ó ní àwọn rọ́bà àtijọ́ kan wà tó jọ ọ́, kí Jong-man ṣàlàyé ohun tí etí kẹta ń ṣe tí tàwọn yẹn ò lè ṣe. Jong-man dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó padà jókòó, ó tún dìde, ó lọ fa kọ́tìnnì. Olùyẹ̀wò ní, "Ọ̀gá Pyo, èmi ni mo fẹ́ fún yín ní ìwé náà. Ta lẹ ń sá fún?" Ó wá ṣàlàyé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣírí ilé ọkọ.

Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ náà nígbà tí òdòdó ń tanná. Ilé iṣẹ́ ńlá yẹn mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Byeong-ho padà wá, èkejì ò wá. Jong-man fúnra ẹ̀ ló lọ bá èkejì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Iṣẹ́ gígé irin rọ́bà tuntun náà, Byeong-ho ló gbé e fún. Kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí sípánà o. Ẹ má jẹ́ ká sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Jong-man ra ẹ̀rọ tuntun, a sì tún ṣe gosa ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo se orí ẹlẹ́dẹ̀ tó rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ funfun yẹn wà lókè, kò sí tapólì. Byeong-ho wá lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ja. Bó ṣe fẹ́ forí kanlẹ̀ ni Mal-suk gbé fóònù ẹ̀ sókè láti ya tteok. Gbogbo wa yíjú sí Jong-man.

Ó ní kó dúró ná. Ó rọra rìn lọ sábẹ́ ọkọ̀, ó nàró síwájú rọ́bà olétí mẹ́ta, ó fi ara ẹ̀ bò ó.

Byeong-ho ní, "Jong-man, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Daejeon. Gbogbo ayé ló lè kà á báyìí, pẹ̀lú àwòrán."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá ń bò?"

"Máa forí kanlẹ̀ lọ ní tìẹ," Jong-man ní, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Mal-suk fi ya fọ́tò ẹ̀ tán.